Ọ̀RỌ̀ KAN LỌ́SẸ̀: ÌBÒ



Ọ̀rọ̀ tí a mú lọ́sẹ̀ yìí kò gùn. Lẹ́tà mẹ́ta péré ni. Kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú ọgbà yìí, àní àwọn JSS1 pàápàá. Láti ìgbà tí wọ́n ti lẹ orúkọ àwọn tó fẹ́ du ipò olórí akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ pátákó ìkéde, òun nìkan là ń gbọ́ ní bíréèkì: "Ta lo máa dìbò fún?" "Ìbò SS1 ti wà lápò mi." "Ìbò tìẹ nìkan ò lè mú un wọlé, má da ara ẹ láàmú."

Nígbà tí olóòtú wa ní kí n kọ ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí, mo rò pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe é. Ohun tó fà á ni pé ọ̀rọ̀ tí mo rò pé mo mọ̀, n ò mọ̀ ọ́n dáadáa, àìmọ̀ mi sì ti ṣe ẹnìkan ní jàǹbá. Mo máa sọ ìyẹn tó bá yá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ wa bó ṣe yẹ.

1. PÍPÈ ÀTI KÍKỌ

Ohùn ìsàlẹ̀ méjì ló wà lórí ìbò: dò, dò. Bí ohùn bá yí, ìtumọ̀ yí nìyẹn. Ẹ wo àwọn wọ̀nyí:

ìbò (dò dò): ohun tí a fi ń mú ènìyàn kan tàbí nǹkan kan láàárín méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

ibo (re re): ọ̀rọ̀ tí a fi ń béèrè ààyè. Ibo lo wà?

igbó (re mí): ibi tí igi àti koríko pọ̀ sí.

Ìgbò (dò dò): ẹ̀yà kan tí ilé wọn wà ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Ohùn rẹ̀ bá ti ìbò mu, àmọ́ "gb" ló wà níbẹ̀, kì í ṣe "b".

ìbọ̀: èyí ní àmì lábẹ́ "ọ". Òun ló wà nínú ìbọ̀sẹ̀ àti ìbọ̀wọ́.

Ẹ gbìyànjú láti ka gbólóhùn yìí sókè láì kọsẹ̀: "Ibo ni ọ̀rẹ́ mi ọmọ Ìgbò ti dìbò, ṣé ẹ̀bá igbó ni?" Ẹni tó bá kà á dáadáa lẹ́ẹ̀mẹta, ó mọ àmì ohùn.

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, ẹnìkan lára àwọn tó ń dupò kọ ọ́ sára bébà ńlá pé "E dibo fun mi", láìsí àmì kankan. Tíṣà Yorùbá wa dúró níwájú rẹ̀, wọ́n kà á bó ṣe wà nílẹ̀ gan-an, gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá fẹ́ kí n dìbò fún òun, kó kọ́kọ́ kọ orúkọ ohun tó ń tọrọ bó ṣe tọ́."

2. ÌDÍLÉ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ

Ìbò jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ. Ọ̀rọ̀ ìṣe tó máa ń bá a rìn ni dì. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀, fáwẹ̀lì kan á pa jẹ: dì + ìbò = dìbò. A kì í sọ pé "mo ju ìbò" tàbí "mo sọ ìbò", bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àpótí la ń ju bébà náà sí. Àwọn ọ̀rọ̀ tó bá a tan nìwọ̀nyí:

ìdìbò: ètò náà gan-an.

olùdìbò: ẹni tó ń dìbò.

ìwé ìdìbò: bébà tí a ń tẹ̀ka sí.

àpótí ìbò: ibi tí a ń ju bébà náà sí.

káàdì ìdìbò: káàdì tí ìjọba fi ń mọ̀ pé orúkọ ẹni wà nínú ìwé wọn.

ibùdó ìdìbò: ibi tí a ti ń dì í.

ìbò abẹ́lé: èyí tí ẹgbẹ́ òṣèlú ń dì láàárín ara wọn, láti mú ẹni tí yóò dúró fún wọn.

àtúndì ìbò: èyí tí a tún dì nítorí pé ti àkọ́kọ́ kò yanjú.

èsì ìbò: ohun tí a kéde lẹ́yìn tí a ti kà á tán.

Ẹ kíyè sí i pé àpótí ìbò là ń sọ, torí ìbò ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibùdó ìdìbò ni, torí iṣẹ́ la lọ ṣe níbẹ̀. Ẹni tó bá fi èyí sọ́kàn kò ní máa ṣi wọ́n lò.

Wàyí o, dì tó wà nínú dìbò yìí, dì wo ni? Dì pọ̀ nínú èdè wa. A ń di ẹrù. Omi inú fíríìjì ń dì. A sì ń di nǹkan mú. Ìbéèrè tí Tíṣà fún wa lọ sílé nìyẹn. Ìdáhùn tèmi wà ní ìsọ̀rí 5.

3. BÍ A ṢE Ń LÒ Ó NÍNÚ GBÓLÓHÙN

(a) Dìbò fún. "Mo dìbò fún un." Ohun tí èmi ṣe ni gbólóhùn yìí ń sọ. Bí ẹni náà wọlé, òótọ́ ni. Bó fìdí rẹmi, òótọ́ náà ni.

(b) Dìbò yàn. "A dìbò yàn án." Èyí ń sọ ohun tó ti ibẹ̀ jáde. A ò lè sọ ọ́ bí ẹni náà kò bá wọlé. Nítorí náà, ẹni tó kọ ọ́ nínú ìdánwò pé "Wọ́n dìbò yàn án ṣùgbọ́n ó fìdí rẹmi", ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ tako ara rẹ̀. "Wọ́n dìbò fún un ṣùgbọ́n ó fìdí rẹmi" ló tọ́.

(d) Dìbò tako, tàbí dìbò lòdì sí. Àbá tàbí òfin la sábà máa ń lò ó fún. "Àwọn aṣòfin dìbò tako àbá náà."

(e) Ìbò gẹ́gẹ́ bí iye. "Ọ̀kan ní ìbò 24, èkejì ní ìbò 19." Níbí, ìbò kan dúró fún ènìyàn kan. Ìbò ọ̀gá àti ìbò ọmọọṣẹ́ kò ju ara wọn lọ.

(ẹ) Ìbò gẹ́gẹ́ bí ohun ìní. À ń sọ pé wọ́n ra ìbò, wọ́n ta ìbò, wọ́n jí ìbò gbé, wọ́n wọ́gi lé ìbò. Ẹ wò ó dáadáa. Ohun tí wọ́n lè rà, tí wọ́n lè tà, tí wọ́n sì lè jí, ó ní láti jẹ́ ohun tó ní olówó. Ta ni olówó ìbò? Ẹni tó dì í ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí èyí.

4. ÌBÒ, ÈRÒ ÀTI OHÙN

Ọ̀pọ̀ wa máa ń pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, àmọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Èrò ni ohun tó wà nínú ẹni. Ó lè gùn, ó lè lọ́ pọ̀, ó sì lè yí padà láàárọ̀ kó tún yí padà lálẹ́. Bí àpẹẹrẹ: "Èrò mi ni pé móínmóín tí wọ́n ń tà lẹ́nu géètì dùn, àmọ́ ó ti wọ́n jù, tí wọ́n bá lè dín owó ẹ̀ kù, ojoojúmọ́ ni màá máa rà á." Èrò tó pé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n ní ká dìbò, kí móínmóín wà tàbí kó má wà mọ́. Ibo ni màá wá fi "àmọ́" mi sí? Kò sí ààyè fún un. Ìbò kì í ní "àmọ́" nínú. Òun ló jẹ́ kí ó rọrùn láti kà, òun náà ló sì jẹ́ kó yẹ ká ti jíròrò dáadáa kí a tó dé ìdí àpótí.

Ohùn ni èrò tó ti gba ẹnu jáde. Bí a bá ní "wọ́n fi ohùn kan sọ ọ́", ó túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tó ta kò ó. Ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wa l'Ábùjá, ohùn ni wọ́n fi ń parí ọ̀pọ̀ nǹkan: olórí ilé á ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn dáhùn, á ní kí àwọn tí kò fara mọ́ ọn náà dáhùn, á wá fi òòlù lu tábìlì fún ẹ̀gbẹ́ tí ó gbọ́ pé ó pọ̀ jù. Ẹni tí ohùn rẹ̀ rinlẹ̀ lè dà bí ènìyàn mẹ́ta níbẹ̀.

Nínawọ́ sókè wà láàárín ohùn àti ìbò tí a dì sínú bébà. A lè ka ọwọ́, nítorí náà ó sàn ju ariwo lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló ń rí ọwọ́ náà.

Ìwádìí èrò tún yàtọ̀. Bí o bá dúró lẹ́nu géètì, tí o bi ènìyàn 20 léèrè pé ta ni wọ́n fẹ́, kì í ṣe ìbò lo dì. Ẹni tó sọ fún ẹ lónìí pé ìwọ lòun máa dìbò fún, èrò rẹ̀ ló sọ, tàbí kó jẹ́ pé ó kàn fẹ́ kó o fi òun sílẹ̀ kóun lè jẹun. Kí ẹ̀yin tí ẹ ní ìbò SS1 wà lápò yín gbọ́ o.

5. ÌBÒ KÍ ÀPÓTÍ ÌBÒ TÓ DÉ

Nítorí ìbéèrè Tíṣà lórí dì, ìyá àgbà mi ní kí n lọ bá ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, tí wọ́n jẹ́ babaláwo. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí o, ẹ̀kọ́ ni mo bá lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ìbò?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìbò wo? Ti ìjọba ni àbí ti Ifá?"

Bí mo ṣe mọ̀ pé ó ju ẹyọ kan lọ nìyẹn.

Wọ́n ní bí ènìyàn bá wá bi Ifá léèrè ọ̀rọ̀, ìgbà kan máa ń wà tí a ní láti mú ọ̀kan nínú méjì: ṣé ire ni àbí ibi, ṣé kí ó ṣe é àbí kí ó má ṣe é. Nǹkan kéékèèké ni wọ́n máa ń lò fún un. Wọ́n fi méjì hàn mí: owó ẹyọ tí wọ́n so pọ̀, àti eegun kékeré kan. Owó ẹyọ ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, eegun ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó wá béèrè á kó méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́, á pò wọ́n pọ̀, á wá pín wọn sí ọwọ́ ọ̀tún àti òsì, á sì pa ọwọ́ méjèèjì dé. Babaláwo kò ní mọ èyí tó wà níbo. Odù tó bá jáde ló máa sọ bóyá ọwọ́ ọ̀tún ni kí ó ṣí tàbí òsì. Àwọn nǹkan kéékèèké yẹn ni ìbò.

Wọ́n kó o fún mi pé kí n dán an wò. Wọ́n ní, "Dì í mú. Dì í dáadáa. Má jẹ́ kí n rí i."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò fi gbọ́dọ̀ rí i, ṣebí àwọn ni babaláwo. Wọ́n ní, "Bí mo bá mọ èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ, mo lè sọ ohun tó wù mí, kí n ní Ifá ló wí. Ìwọ náà ò ní gbà mí gbọ́ mọ́. Tí kò bá ti sí ìpamọ́ nínú ẹ̀, kì í ṣe ìbò mọ́, eré ọmọdé ni."

Bó ṣe yé mi nìyí: dì inú dìbò, dì ti "dì mú" ni. Ẹni tó ń dìbò di nǹkan kan mú, ọwọ́ rẹ̀ sì pa dé títí dìgbà tí ó tọ́ láti ṣí i. Mo sọ ọ́ fún Tíṣà, wọ́n ní ó bọ́gbọ́n mu, kí n kọ ọ́.

Irú ìbò àtijọ́ yìí kò pin sọ́dọ̀ Ifá nìkan. Nínú Bíbélì, nígbà tí àwọn àpóstélì fẹ́ mú ẹni tí yóò rọ́pò Júdásì, ìbò ni wọ́n dì láàárín àwọn méjì, ó sì mú Mátíásì. Wọn kò ka iye ènìyàn tó fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn atukọ̀ tí wọ́n gbé Jónà náà ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tó fa ìjì. Kèké àti ìbò ayé àtijọ́, ọmọ ìyá ni wọ́n: Ọlọ́run là ń wò pé yóò dáhùn. Ìyàtọ̀ tó wà nínú ti òde òní ni pé àwa ènìyàn ló ń dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà kò yí, ẹni tó ń dáhùn ló yí.

Kódà ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń lò fún ìbò bébà, ballot, láti inú èdè Ítálì ló ti wá. Bọ́ọ̀lù kékeré ló túmọ̀ sí, torí bọ́ọ̀lù kéékèèké ni wọ́n fi ń dìbò nígbà náà. Nǹkan kékeré tó lè bọ́ sínú ọwọ́ kí ènìyàn má rí i. Mo rí i pé àwọn baba wọn àti àwọn baba wa ro nǹkan kan náà.

6. ÌBÒ NÍ NÀÌJÍRÍÀ

Mi ò ní pẹ́ níbí, torí tíṣà Gọ́fúmẹ́ńtì máa kọ́ wa. Ọdún 1923 ni ìdìbò àkọ́kọ́ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wáyé. Ìjókòó mẹ́rin péré ni wọ́n dìbò fún: mẹ́ta ní Èkó, ọ̀kan ní Calabar. Ọkùnrin nìkan ló lè dìbò, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí owó tó ń wọlé fún un tó £100 lọ́dún. Ẹgbẹ́ Herbert Macaulay ló kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Èkó. Ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn náà kí àwọn obìnrin apá Àríwá tó lè dìbò. Lónìí, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 18, ọkùnrin tàbí obìnrin, olówó tàbí tálákà, lè dìbò bí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé. Èmi ku ọdún méjì.

Ohun tó kan ẹ̀kọ́ wa jù ni bóyá ọwọ́ ń pa dé tàbí kò pa dé. Ní nǹkan bí ọdún 1990, nígbà ìjọba ológun Ọ̀gágun Babangida, wọ́n mú ọ̀nà kan wá tí àwọn ènìyàn fi ń tò sẹ́yìn àwòrán ẹni tí wọ́n fẹ́, tí wọ́n á sì ka orí wọn ní gbangba. Ìdí wà fún un: kí ẹnikẹ́ni má bàa rọ́ bébà ayédèrú sínú àpótí. Gbogbo ènìyàn ló ń rí i, gbogbo ènìyàn ló ń kà á. Ìyá àgbà mi tò nígbà náà. Wọ́n ní onílé àwọn wà lórí ìlà kan, àwọn sì jẹ ẹ́ lówó ilé oṣù mẹ́rin. "Ìlà tó wà ni mo lọ tò sí. Kì í ṣe ẹni tí mo fẹ́." Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n dìbò lọ́jọ́ náà. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní, "Wọ́n kà mí. N ò mọ̀ bóyá mo dìbò."

Ní June 12, 1993, àwọn ọmọ Nàìjíríà dìbò ààrẹ. M.K.O. Abíọ́lá ló ń borí kí ìjọba ológun tó wọ́gi lé ìbò náà. Ìdí nìyẹn tí June 12 fi jẹ́ Ọjọ́ Ìjọba Àwa-ara-wa lónìí, tí a kì í sì í wá síléèwé lọ́jọ́ náà.

Ní báyìí, bí ènìyàn bá dé ibùdó ìdìbò, wọ́n á fún un ní bébà, á lọ sẹ́yìn ohun tí wọ́n fi bo ibẹ̀, á tẹ̀ka, á ká a, á jù ú sínú àpótí. Àjọ elétò ìdìbò ní kí ẹnikẹ́ni má mú fóònù wọ ẹ̀yìn ibẹ̀ yẹn. Kí ló dé? Ẹ rántí ọ̀rọ̀ kan tó gba ìgboro kan nígbà ìdìbò gómìnà Èkìtì lọ́dún 2018: "dìbò kí o sebẹ̀". Wọ́n ní àwọn kan ń san owó fún ìbò. Ẹni tó ń ra ìbò kò lè gba ẹnu ẹ gbọ́ lásán, ó fẹ́ rí i pé ọjà tí òun san owó lé lórí lo kó fún òun. Nítorí náà, àfi kó o ṣí bébà fún un tàbí kó o ya fọ́tò rẹ̀. Bí ọwọ́ bá pa dé, kò mọ ohun tó rà. Ọwọ́ tó pa dé ló ń ba ọjà ìbò jẹ́.

7. OHUN TÍ MO ṢE

Ní sáà tó kọjá, kíláàsì wa dìbò yan mọ́nítọ̀. Àwa 43 la wà níbẹ̀. Àwọn méjì ló dupò: ọmọkùnrin kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wa, tí a jọ ń rìn lọ sílé, àti ọmọbìnrin kan. Bébà tí a ya nínú ìwé la lò, oníkálukú sì fi bírò ara rẹ̀ kọ orúkọ. Èmi àti ẹnìkan ni wọ́n ní kí a kà á. Ọmọbìnrin náà ní 24, ọ̀rẹ́ wa ní 19.

Bí mo ṣe ń kà á, mo rí bébà kan tí wọ́n fi bírò aláwọ̀ ewé kọ. Ẹnìkan ṣoṣo ló ní irú bírò yẹn ní kíláàsì wa, òun náà sì wà nínú àwa mẹ́ta tí a jọ ń rìn lọ sílé. Orúkọ ọmọbìnrin náà ló kọ. N ò sọ nǹkan kan níwájú kíláàsì. Lọ́nà ilé ni mo sọ fún ọ̀rẹ́ wa tó fìdí rẹmi. Mo ní òótọ́ ni mò ń sọ, kí ló burú nínú òótọ́?

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, gbogbo ẹ̀yìn kíláàsì ti ń pè é ní "Bírò Ewé". Wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Ẹnìkan fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sórí tábìlì rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òun nìkan ló ń rìn lọ sílé.

Lẹ́yìn náà mo bi í pé kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ọmọbìnrin yẹn máa ń kọ orúkọ àwọn tó ń pariwo, kì í yọ ọ̀rẹ́ ẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa ò lè ṣe é. Mo fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni wọ́n bi wá." Ẹ rí i, èrò tó já gaara ni. Ó ju èrò tèmi lọ, torí èmi kàn dìbò fún ọ̀rẹ́ mi ni, n ò rò ó rárá.

Nígbà tí Ẹgbẹ́ Akọ̀ròyìn fẹ́ yan olóòtú ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí, wọ́n pín bébà, kò gbà á. Ó ní, "Mi ò dì. Ẹ kúkú jẹ́ ká nawọ́, kí gbogbo yín máa wò mí tààrà." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, torí mo mọ ẹni tó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà mi ní kí n di owó ẹyọ yẹn mú kí àwọn má rí i, ọ̀rọ̀ bírò yìí ló wá sí mi lọ́kàn. Ìbò kì í ṣe ti ẹni tó ń kà á. Iye nìkan ló fún wa láti kà. Mo la ọwọ́ ẹlòmíì, mo sì fi ohun tó wà nínú rẹ̀ han gbogbo ayé. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà ló ní kí n kọ ọ́ síbí, kí n má kàn dárúkọ òun.

8. ÀBÁ FÚN ÌDÌBÒ OLÓRÍ AKẸ́KỌ̀Ọ́

Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ la máa dìbò. Mo fi ọ̀wọ̀ bẹ àwọn olùkọ́ wa pé kí wọ́n gbé àwọn àbá yìí yẹ̀ wò:

Kí bébà gbogbo wa jẹ́ oríṣi kan náà, kí orúkọ àwọn tó ń dupò ti wà lórí rẹ̀, kó jẹ́ pé a kàn máa fa àmì sí i ni. Bẹ́ẹ̀, kò ní sí ẹni tó máa dá ọwọ́ ìkọ̀wé mọ̀.

Kí bírò kan náà wà níbi tí a ti ń fa àmì, kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lo tirẹ̀.

Kí ẹnìkọ̀ọ̀kan máa wọlé lọ fa àmì lẹ́yìn bọ́ọ̀dù, kó ká bébà rẹ̀ kó tó jáde. Kí fóònù má wọ ibẹ̀.

Kí àwọn tó máa kà á má jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni tó ń dupò. Kí wọ́n kà á sókè níwájú gbogbo ènìyàn. Bí àwọn tó dupò bá ti gba èsì, kí wọ́n sun àwọn bébà náà.

Èyí tó kẹ́yìn, àwa akẹ́kọ̀ọ́ ló ni ín: ẹ jẹ́ ká yé bi ara wa pé "Ta lo dìbò fún?" Ẹni tó bá wù ú yóò sọ. Ẹni tí kò bá wù, ọwọ́ rẹ̀ ti pa dé nìyẹn.

DÁN ARA RẸ WÒ

1. Fi àmì ohùn tó yẹ sí gbólóhùn yìí: "Ibo ni a ti fe dibo?"

2. Èwo ló tọ́: "Wọ́n dìbò yàn án ṣùgbọ́n kò wọlé" tàbí "Wọ́n dìbò fún un ṣùgbọ́n kò wọlé"? Kí ni ìdí?

3. Fi ìbò, èrò àti ohùn sínú gbólóhùn kan náà, kí ìtumọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì hàn.

4. Ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín ìbò tí wọ́n fi mú Mátíásì àti ìbò tí a fi yan mọ́nítọ̀?

5. Ṣé ìyá àgbà mi dìbò lọ́jọ́ tí wọ́n tò yẹn? Ṣàlàyé èrò rẹ ní ìlà márùn-ún.

Ẹ fi ìdáhùn yín sínú àpótí Ẹgbẹ́ Akọ̀ròyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkàwé kó tó di Ọjọ́rú. A máa lẹ àwọn tó dára jù mọ́ ibí yìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Fún ìbéèrè karùn-ún, kò pọn dandan kí ẹ kọ orúkọ yín.